Ta Ló Ní Kí Ọlọ́kọ̀ Má Wọ Abẹ́ Ọkọ̀ Rẹ̀?

Bí sáléńsà ọkọ̀ bá já lójú ọ̀nà Ganmo sí Àjàṣẹ́-Ìpo lónìí, ìmọ̀ràn kan náà ni ọlọ́kọ̀ yóò gbà lẹ́nu gbogbo ẹni tó bá bi léèrè: "Má fọwọ́ kàn án o, iṣẹ́ mẹkáníìkì nìyẹn." Olùkọ́ ń sọ ọ́, awakọ̀ èrò ń sọ ọ́, ìyàwó ń sọ ọ́ fún ọkọ, ọkọ ń sọ ọ́ fún aládùúgbò. Ẹni tó bá wá lóun fẹ́ dá tú sáléńsà náà fúnra òun, lábẹ́ páànù tóun ń gbé ọkọ̀ sí nínú àgbàlá òun, ojú ẹni tí orí rẹ̀ kò pé ni wọn yóò fi wò ó. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé kò sẹ́ni tó tún ń béèrè ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Ó ti sú mi. Ẹni tó ni ọkọ̀ lè dá tú sáléńsà rẹ̀ nílé, láìsí ọ̀gá, láìsí ọmọ iṣẹ́, ó sì yẹ kó máa tú u. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbí nìyẹn, n kò sì ní yà sọ́nà mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ wọn kalẹ̀ bí àwọn fúnra wọn ṣe ń rò ó, nítorí wọn kì í ṣe òmùgọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré pàápàá ń wúwo tó tọ́ọ̀nù kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé bí jáàkì bá yẹ̀, ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní ráàyè pe orúkọ Ọlọ́run, àgàgà bí kò bá sẹ́nì kankan nítòsí tó lè figbe ta. Wọ́n ní irin tó ti ń gba ooru, omi àti erùpẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ti dípẹtà, pé bọ́ọ̀tì rẹ̀ yóò kán mọ́ aláìmọ̀kan lọ́wọ́, owó tí ì bá fi tún sáléńsà ṣe yóò sì di owó ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní mẹkáníìkì ti lo ọdún púpọ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ kó tó gba òmìnira. Kí ni ẹni tó ń jókòó sí ọ́fíìsì ní Ìlọrin láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ fẹ́ mọ̀ nínú iṣẹ́ náà? Wọ́n tún ní oníṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ jẹun, pé ẹni tó bá ń ṣe gbogbo nǹkan fúnra rẹ̀ ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Òwe ni wọ́n wá fi ń dé e lórí: ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Bí ẹjọ́ wọn ṣe rí nìyẹn, n kò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó le jù, ìyẹn ọ̀rọ̀ ikú. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ ń já lu ènìyàn, ó sì ń pa á. Ṣùgbọ́n kí ló ń yẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń já? Jáàkì ni. Jáàkì kékeré tó máa ń bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́, torí pípààrọ̀ táyà nìkan ni wọ́n ṣe é, ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá sì sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ẹ̀yà ara rẹ̀ kankan bọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí rẹ̀. Jáàkì olóròóró táwọn oníṣẹ́ ń lò lágbára jù ú lọ, àmọ́ òróró inú rẹ̀ ló gbé e dúró. Bí rọ́bà tó sé òróró náà bá jẹ, ọkọ̀ ń bọ̀ nílẹ̀. Ohun tó yẹ kó gbé ọkọ̀ dúró kí ènìyàn tó wọ abẹ́ rẹ̀ ni sítáǹdì irin, méjì ó kéré tán, tí a gbé síbi tí ìwé ọkọ̀ náà fi hàn, lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, lẹ́yìn tí a ti fa bíréèkì ọwọ́, tí a sì ti fi igi tàbí òkúta dí táyà tó wà nílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ wá sọ fún mi, níbo la ti ń rí ètò yìí? Ṣé lábẹ́ igi tí mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́ ni, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ yanrìn àti epo dúdú, tí ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì pé ogún ọdún ń rá wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì kan ṣoṣo àti búlọ́ọ̀kù méjì? Búlọ́ọ̀kù oníhò tí a fi ń kọ́lé kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Yóò máa gbé ẹrù náà bọ̀, lójijì ni yóò sì di erùpẹ̀. Ẹni tó wà nínú àgbàlá ara rẹ̀, tí kò sí oníbàárà tó dúró tì í lọ́rùn, tí kò sí ọkọ̀ mẹ́ta mìíràn tó ń dúró de ọwọ́ rẹ̀, òun ló láàyè jù láti gbé sítáǹdì síbi tó yẹ, kó fi èjìká ti ọkọ̀ náà dáadáa wò bóyá yóò mì, kó tó di pé ó wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ewu bá jẹ́ ìdí láti sá fún iṣẹ́ kan, ibi tí ewu náà pọ̀ sí jù ló yẹ ká kọ́kọ́ sá kúrò, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ń rán wa lọ.

Wọn yóò ní ó dáa, a gbọ́ ti sítáǹdì, ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ òun nìkan? Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ohun tí ẹnì kejì ń ṣe níbẹ̀. Ṣé òun ni yóò fọwọ́ gbá ọkọ̀ mú bó bá fẹ́ wó? Kò sí alágbára bẹ́ẹ̀ láti Ganmo títí dé Òmù-Àrán. Ohun tí ẹnì kejì lè ṣe kò ju pé kó na sípánà sí ẹni tó wà lábẹ́, kó di páìpù mú, kó sì ké pe èèyàn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Sípánà tí a ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ti ṣe ti àkọ́kọ́. Jáàkì kejì tàbí àpótí igi tí a gbé sábẹ́ páìpù ti ṣe ti èkejì. Fóònù tó wà nínú àpò, pẹ̀lú ará ilé tó mọ̀ pé ẹnì kan wà lábẹ́ ọkọ̀ tí yóò sì máa yọjú wò ó, ti ṣe ti ẹ̀kẹta. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kejì náà ní ewu tirẹ̀: òun ló ń fara ti ọkọ̀, òun ló ń ṣílẹ̀kùn jókòó sínú rẹ̀, òun ló ń yí kọ́kọ́rọ́ kó lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Ẹni tó dá wà, tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀, mọ̀ dájú pé kò sẹ́ni tó lè ta ẹ́ńjìnnì jí lórí òun. Ní ti òwe, òótọ́ ni pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí, ṣùgbọ́n ẹrù tó ti wà lókè tí a fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ni sáléńsà. Ti ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré kò wúwo tó ìdajì àpò sìmẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì ní láti sọ gbogbo páìpù náà kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìsọ̀rí ìsọ̀rí ni ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń tú.

Ọ̀rọ̀ ìpẹtà ló kàn, mo sì fẹ́ pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ làwọn alátakò gbà pé àwọn ti jàre jù. Sáléńsà ń pẹtà láti inú wá. Epo bẹntiróòlù tó bá jó nínú ẹ́ńjìnnì ń di èéfín àti omi. Lítà epo kan ń mú omi tó tó bíi lítà kan jáde. Bí ọkọ̀ bá rin ìrìn tó jìnnà, ooru á sọ omi náà di oru, á sì bá ẹnu páìpù jáde. Ọkọ̀ tó ń lọ sọ́jà tó ń bọ̀, tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé tó sì ń padà sílé, kì í gbóná délẹ̀délẹ̀, inú sáléńsà rẹ̀ ni omi náà ń sùn sí. Fi erùpẹ̀ pupa tó ń lẹ̀ mọ́ ọn nígbà òjò kún un, fi búm̀pù tó ń ha á nísàlẹ̀ kún un, ìwọ náà á rí i pé kò sí sáléńsà tí kò ní já lọ́jọ́ kan. Wàyí o, kí ló ń kán bọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà? Ìkánjú ni, àti sípánà tí kò bá orí rẹ̀ mu. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń tú u kì í ṣe awo. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo páìpù ti tutù pátápátá, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú bọ́ọ̀tì àti nọ́ọ̀tì títí ara irin yóò fi yọ, a ó rọ òróró tí ń tú ìpẹtà sí ìdí rẹ̀, tàbí díṣẹ́ẹ̀lì díẹ̀ bí kò bá sí, a ó sì fi í sílẹ̀ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a tún rọ ọ́ sí i. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà tó bá a mu rẹ́gí la ó fi bọ̀ ọ́ lórí, kì í ṣe onígun méjìlá tó ń yọ̀ lórí rẹ̀ tó sì ń jẹ ẹ́ létí. Lára ọ̀pọ̀ Toyota tó kún ojú ọ̀nà wa, nọ́ńbà 14 ló sábà ń wọ̀ ọ́. A ó yí i sẹ́yìn díẹ̀, a ó dá a padà síwájú díẹ̀, a ó tún yí i sẹ́yìn. Yóò máa han, ìyẹ̀fun pupa yóò sì máa dà láti ojú ẹsẹ̀ rẹ̀: ó ń gbọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí híhan náà bá dáwọ́ dúró, tí ọwọ́ wa sì gbọ́ ọ pé ó ń rọ̀ tó ń fà, ká dúró lójú ẹsẹ̀, nítorí irin náà kò tú, ńṣe ló ń lọ́. Ká fi òróró kún un, ká lọ jẹun, ká padà wá. Wáyà sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn la ó ti kọ́kọ́ yọ kó má baà já, rọ́bà tó gbé páìpù kọ́ sábẹ́ ọkọ̀ ni yóò kẹ́yìn, omi ọṣẹ díẹ̀ sì tó láti mú kó yọ̀ kúrò lára irin. Kí gíláàsì wà lójú, nítorí ojú ẹni tó dojú sókè ni ìpẹtà ń já sí.

Nínú gbogbo èyí, kí ló kọjá agbára ẹni tó lè ka ìwé ìròyìn yìí? Sùúrù ni olórí ohun èlò iṣẹ́ náà, ta ló sì ní sùúrù jù nínú ẹni tó ni ọkọ̀ àti ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan? Mẹkáníìkì kò lè fi bọ́ọ̀tì kan sílẹ̀ sùn. Ọkọ̀ mìíràn ti ń fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́dọ̀ fi páìpù gígùn ti sípánà nídìí kó sì fi agbára yí i. Ọ̀nà tí bọ́ọ̀tì fi ń kán nìyẹn. Ó lè kán mọ́ ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ náà, n kò jiyàn rẹ̀. Èyí tó wà lójú ìsopọ̀ páìpù, bọ́ọ̀tì tuntun ni oògùn rẹ̀. Èyí tó wà lára mánífóòdù, lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, ló le. Bí ìyẹn bá kọ̀, kí ọlọ́kọ̀ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ní iná tí yóò fi yọ́ ọ. Ẹni tí sáléńsà ẹ̀yìn rẹ̀ já kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀ rárá.

Ohun tó yẹ kó pa wọ́n lẹ́nu mọ́ jù ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí sáléńsà tí ọlọ́kọ̀ kò tú. Lọ́pọ̀ ìgbà, mẹkáníìkì náà kì í tú u. Jórinjórin ni wọ́n ń pè, jórinjórin á rá wọ abẹ́ ọkọ̀, á sì jó o mọ́ra níbi tó wà. Níbo ni tánkì epo wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́? Lábẹ́ àga ẹ̀yìn ni, páìpù sáléńsà sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Oru bẹntiróòlù ń gbiná kódà nínú òtútù tó ti sọ omi di yìnyín, ká má tíì sọ ti ọ̀sán oṣù kẹta ní Ganmo. Ẹ̀ta iná tó ń fò kiri lábẹ́ tánkì, pẹ̀lú páìpù epo tó ti gbó, èyí ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ ọ̀mọ̀ràn, tí wọ́n sì ń pe ti ẹni tó rọra tú bọ́ọ̀tì mẹ́rin nílé ní ìwà wèrè! Orí bátìrì tó yẹ kí wọ́n yọ ṣáájú, wọn kì í sábà yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ iná ẹ̀rọ ìjórin tó ń wá ọ̀nà padà lè gba ara ọkọ̀ lọ ba brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, jẹ́. Kí wá ni èrè gbogbo ewu yìí? Páìpù tí a jó ní ìsàlẹ̀ nìkan, nítorí ojú àti ọwọ́ kò dé òkè rẹ̀. Bí a bá sọ sáléńsà kan náà kalẹ̀ tí a gbé e lọ sórí tábìlì jórinjórin, yóò yí i po, yóò jó o yíká, yóò bu omi sí i wò bóyá ó ń jò, kò sì sí tánkì, bátìrì tàbí brain box kankan nítòsí rẹ̀. Iṣẹ́ tó dára jù wà fún ọlọ́kọ̀, ẹ̀mí oníṣẹ́ náà sì dè. Ọ̀nà wo ló tún kù tí wọ́n fẹ́ gbà sọ pé kò yẹ ká tú u?

Èéfín tó ń gba òkè páìpù jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Carbon monoxide kò ní òórùn, kò sì láwọ̀. Ó ń di ẹ̀jẹ̀ mú ní ìlọ́po tó ju igba lọ ju ọ́síjìn tí à ń mí sínú lọ, òun náà sì ni májèlé tó ń pa odidi ìdílé nígbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ sùn. Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n nínú jẹnẹrétọ̀. Kí ló dé tí a fi ń gbàgbé rẹ̀ lábẹ́ àga ọkọ̀ tí àwọn ọmọ jókòó sí, tí gíláàsì wà ní títì nítorí ẹ̀rọ amúlétutù? Ìmọ̀ràn pé kí ọlọ́kọ̀ má wo abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ló ń bí ìdádúró. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ pé ti ẹlòmíràn ni, yóò gbọ́ ariwo náà lọ́jọ́ Ajé, yóò ní ó dìgbà tí owó oṣù bá dé, yóò sì máa gbé ìdílé rẹ̀ kiri nínú èéfín títí di ìgbà náà. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè tú u kò ní fi àárọ̀ Sátidé tó kàn sílẹ̀. Ìdí kan náà yìí ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni tan ẹ́ńjìnnì nínú yàrá tí a tì pa. Abẹ́ páànù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ilé wa ṣe ní in, ló dára jù fún iṣẹ́ náà.

Owó tún wà lábẹ́ ọkọ̀ náà tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kò mọ̀ sí. Lára páìpù, lápá ibi tó sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, ni kátálísì wà: ìkòkò irin tí inú rẹ̀ rí bí afárá oyin, tí wọ́n fi platinum, palladium àti rhodium kùn lára. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ èéfín olóró di èyí tó rọ̀ díẹ̀ kó tó jáde sójú ọ̀nà. Ní 2021, owó rhodium kọjá 20,000 dọ́là fún áúńsì kan lọ́jà àgbáyé. Ohun tó mú kí olè máa gé kátálísì lábẹ́ ọkọ̀ lóru ní London àti ní Amẹ́ríkà nígbà náà nìyẹn, Prius sì wà lára èyí tí wọ́n wá jù. Àwọn èèyàn wa tó ń fi í ṣe takisí níbẹ̀ mọ ìrora rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, kò dìgbà tí olè bá wá lóru. Àwọn tó ń ra kátálísì ń rìn káàkiri, ẹni tó bá sì ní in ní títà yóò rí owó gbà. Ọlọ́kọ̀ tó gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ sáléńsà, tí kò tíì fojú kan ìkòkò náà rí láyé rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bí wọ́n bá gbọ́n inú rẹ̀ dànù tí wọ́n sì jó ẹnu rẹ̀ padà? Bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọn yóò ní kátálísì kì í ṣe fún ilẹ̀ wa, pé ó ń dí ọkọ̀ lọ́wọ́ eré. Mo mọ̀ pé olóòótọ́ pọ̀ láàárín àwọn mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí pé olóòótọ́ pọ̀ la ó ṣe máa di ojú wa? Ẹni tó tú páìpù rẹ̀ nílé á tan tọ́ọ̀ṣì sí inú kátálísì rẹ̀, á rí ihò wẹ́wẹ́ náà bí wọ́n bá ṣí tàbí bí wọ́n bá dí. Á fi ọwọ́ gbá a, á gbọ́ bóyá ó ti fọ́ sínú. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ìtàn tí ẹnikẹ́ni lè pa fún un.

Wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ kọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ mẹkáníìkì gba ọdún púpọ̀, nítorí jíà, ẹ́ńjìnnì, iná ọkọ̀ àti ìmọ̀ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ láti inú ariwo rẹ̀. Ṣé títú sáléńsà ló gba ọdún náà? Páìpù ni, pẹ̀lú bọ́ọ̀tì, gásíkẹ́ẹ̀tì àti rọ́bà. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Ganmo ni ilé-iṣẹ́ iná ńlá ti TCN, àwọn tó ń gbé iná mànàmáná káàkiri Nàìjíríà, wà, síbẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àgbàlá tí kò ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-better-pass-my-neighbour. Ta ló ń yọ plọ́ọ̀gì rẹ̀ nù? Ta ló ń tú kábúrétọ̀ rẹ̀ sínú abọ́? Ta ló ń yọ sáléńsà rẹ̀ tó bá dí? Ọkùnrin àti obìnrin kan náà tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ti ọkọ̀ ni. Ìwé Haynes, ìwé ìtọ́nà fún títún ọkọ̀ ṣe, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní England láti àárín ọdún 1960 sí 1969, tí wọ́n fi ń tú odidi ọkọ̀ palẹ̀, tí wọ́n ń tò ó padà, tí wọ́n sì ń ya àwòrán rẹ̀ ní ìpele ìpele fún ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì. Títú sáléńsà kò sì sí lára ohun tí ìwé náà ní kí ọlọ́kọ̀ bẹ̀rù. Ní Ìdọ̀fìàn tó wà lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú wa, ìjọba àpapọ̀ dá NCAM (National Centre for Agricultural Mechanization) sílẹ̀ kí ẹ̀rọ lè di ohun tí àgbẹ̀ ń lò lóko. Bí ẹ̀rọ kò bá kọjá ọgbọ́n àgbẹ̀, kí ló mú kí páìpù kọjá ọgbọ́n olùkọ́, nọ́ọ̀sì tàbí akọ̀wé?

Ní ti oúnjẹ oníṣẹ́, mo gbà pé ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì ni, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ ká fi irọ́ gbé e ró. Jórinjórin kò pàdánù kọ́bọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni sáléńsà náà ń lọ, owó ìjórin ni yóò gbà, kò sì ní fi àyà nu epo lórí ilẹ̀ kó tó gbà á. Mẹkáníìkì yóò ṣì rí iṣẹ́ tó gba ìmọ̀ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó máa bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni owó tó ń rí gbà torí pé ọlọ́kọ̀ kò mọ nǹkan kan: owó gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kò pààrọ̀, owó rọ́bà tuntun tó jẹ́ ti àtijọ́, owó kátálísì tó bá ẹsẹ̀ rìn. Ṣé owó yẹn la fẹ́ dáàbò bò? Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kò bẹ̀rù oníbàárà tó mọ orúkọ ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ ló ń mọ iyì iṣẹ́ tó dára, òun ló sì ń sanwó rẹ̀ láìjiyàn.

Àwọn kan ṣì kù tí wọ́n ní kò bá ipò ènìyàn mu kó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, tàbí pé obìnrin kì í ṣe é. N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn. Bọ́ọ̀tì kò mọ ipò, kò mọ ọkùnrin, kò mọ obìnrin. Ní ti owó irin iṣẹ́, sítáǹdì méjì àti àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, ẹ̀ẹ̀kan la ń rà wọ́n, aládùúgbò méjì tàbí mẹ́ta sì lè dáwó jọ rà á.

Ẹni tó bá tún fẹ́ sọ fún ọlọ́kọ̀ ní Ganmo pé kó má fọwọ́ kan sáléńsà rẹ̀, kó kọ́kọ́ dáhùn: kí ló mú kí jáàkì kan lórí yanrìn dára ju sítáǹdì méjì lórí sìmẹ́ńtì? Kí ló mú kí iná ìjórin lábẹ́ tánkì epo dára ju sípánà lórí bọ́ọ̀tì tó ti tutù? Kí ló mú kí ojú tí kò rí dára ju ojú tó rí? Bí kò bá rí ìdáhùn, kó gbẹ́nu dákẹ́, nítorí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ̀ ni tirẹ, èéfín tó ń wọ inú rẹ̀ ń lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ rẹ, irin olówó iyebíye tó wà nínú rẹ̀ ni tirẹ. Gbé e sórí sítáǹdì, di táyà rẹ̀, fi kọ́kọ́rọ́ sápò, sọ fún ará ilé, rọ òróró sí bọ́ọ̀tì ní ìrọ̀lẹ́, kí o sì dá tú u fúnra rẹ ní àárọ̀.